Pánẹ́ẹ̀lì páànù tó ń wọnú ara wọn fún àjà àti ògiri: báwo la ṣe máa yọ ẹyọ kan láàárín?

Ọmọ_Bàsírì · ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin àbúrò mi. Ìdí iṣẹ́ alumíníọ̀mù ni mo wà ní Bàsírì, Adó-Èkìtì níbí. Fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ṣóòkéèsì ni mo kọ́, ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì làwọn oníbàárà ti ń béèrè àjà onípáànù lọ́wọ́ mi, nítorí omi òjò ti ba P.O.P. wọn jẹ́, ooru sì ti mú kí PVC àwọn mìíràn wọ́.

Ojú tì mí nídìí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ni, ní Ajílósùn, tó fẹ̀ tó mítà 3.6. Alumíníọ̀mù 0.45 mílímítà ni mo lò, ojú pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 400 mílímítà. Mo tẹ etí kan ní akọ, mo tẹ èkejì ní abo, mo sì ń ki wọ́n bọ ara wọn láti ògiri dé ògiri. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é, torí kò sí síkúrù kan tí ojú ń rí. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá oníṣọ́ọ̀bù pè mí ní aago méjì ọ̀sán pé kí n wá gbọ́ ohun tí àjà ń sọ. Mo dé ibẹ̀, mo gbọ́ ọ: pó, pó-pó, bí ìgbà tí èèyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ ìdí agolo mílíìkì. Mo fi ojú wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó ń rú bí ojú omi tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà. Wáyà kan jó lókè àjà, ní àárín gbùngbùn. Oníná ní kí n yọ pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo fún òun. Kò ṣeé yọ. Tọ̀tún ló di tòsì mú, èyí tó tẹ̀ lé e tún di òun náà mú, títí dé ara ògiri. Mọ́kànlá ni mo tú kí n tó débẹ̀, mẹ́rin sì ká mọ́ mi lọ́wọ́. Owó mi ni mo fi ra òmíràn.

Wọ́n ti wá gbé iṣẹ́ gbọ̀ngàn kan fún mi ní Ìyìn-Èkìtì: mítà 9 ní gígùn, mítà 6 ní ìbú, àjà àti ògiri iwájú kan. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń tẹ etí yín, tí pánẹ́ẹ̀lì yóò fi gbá ara wọn mú dáadáa, tí ẹyọ kan yóò sì ṣeé yọ láàárín láìfọwọ́ kan ìkejì?

Bàbá_Ìjerò · ọjọ́ Ajé, 8:25 alẹ́

O kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún ẹ̀rọ amúlétutù ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kí n tó padà wá sí Ìjerò, páànù pẹlẹbẹ ni mo fọwọ́ tẹ̀ jálẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dún.

Bí ooru bá fi dígírì kan lé, mítà kan alumíníọ̀mù a gùn sí i ní nǹkan bí 0.023 mílímítà. Ti irin jẹ́ 0.012, ìdajì rẹ̀ ni. Òwúrọ̀ ọyẹ́ nílẹ̀ wa tutù, ọ̀sán lábẹ́ páànù òrùlé sì ń jó bí inú ààrò. Ká ní ìyàtọ̀ wọn jẹ́ dígírì 40. Pánẹ́ẹ̀lì mítà 3.6 tìrẹ yóò fi mílímítà 3.3 gùn sí i. O ti há a sáàárín ògiri méjì, kò ríbi lọ, ó wú. Bó ṣe ń yí láti inú sí ìta lo gbọ́ tó ń dún pó. Ojú tó fẹ̀ tó 400 pẹ̀lú páànù 0.45 kò ní agbára tó fi lè kọ̀ fún un.

Nítorí náà: lo 0.7. Má jẹ́ kí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju 300 lọ púpọ̀. Tẹ ìlà tó yọ díẹ̀ sí àárín rẹ̀ láti orí dé ìdí, ìlà yẹn ni yóò jẹ́ eegun ẹ̀yìn fún un. Ká etí méjèèjì padà sẹ́yìn. Kí o sì fi àyè sílẹ̀ ní orí àti ní ìdí, mílímítà 3 ó kéré tán.

Ní ti akọ àti abo, èmi náà lo ìsopọ̀ yẹn títí. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè tú u. Bí a bá ti fi òòlù kàn án pa, ó parí. Orí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn mọ́ ni irú ìsopọ̀ yẹn ń gbé. Àjà kò rí bẹ́ẹ̀, wáyà wà lókè rẹ̀, eku wà lókè rẹ̀, òrùlé tó lè jò wà lókè rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ẹ̀fọ̀n · ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́

Ẹ má bínú o, ṣebí ẹ lè ra èyí tó jẹ́ 600 sí 600 lọ́jà, tí wọ́n kàn ń gbé lé orí irin T. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń ṣí sókè. Kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú?

Ọmọ_Bàsírì · ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, fún ọ́fíìsì ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n lo ìyẹn. Àwọn àgbà tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi ló ní àwọn fẹ́ pákó gígùn-gígùn bíi ti ilé ayé àtijọ́, tí ojú yóò fi sáré láti ẹnu ọ̀nà dé pèpéle. Àti pé mo fẹ́ kí owó iṣẹ́ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kọ́ ọ.

Adùnní_Ayàwòrán · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n Bàsírì, mo ka ọ̀rọ̀ yín lálẹ́ àná, mo sì rò ó títí tí mo fi sùn. Ẹ ní ẹ ń ṣe ṣóòkéèsì. Báwo lẹ ṣe ń yọ gíláàsì tó ń wọ́ lára rẹ̀ bí ó bá fọ́?

Ẹ ń gbé e sókè ni, àbí? Ẹnu ti òkè jìn, ẹnu ti ìsàlẹ̀ kò jìn. Bí ẹ bá tì í wọ inú ẹnu jíjìn, ìdí rẹ̀ yóò jáde kúrò nínú èyí tí kò jìn, ẹ ó sì fà á jáde láìtú síkúrù kankan. Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ máa wo òrùlé, kí ẹ wá yí ṣóòkéèsì yẹn sí orí ara yín. Àjà yín nìyẹn.

Bí mo ṣe yà á nìyí. Pánẹ́ẹ̀lì kò ní di pánẹ́ẹ̀lì mú mọ́, réèlì ni yóò máa gbé ẹrù. Ẹ tẹ réèlì méjì onígun bí àpótí tó ṣí ní ẹ̀gbẹ́ kan: ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ jìn tó mílímítà 25, èkejì, ẹnu rẹ̀ jìn tó 12, gíga àwọn méjèèjì jẹ́ 20. Ẹ fi ẹ̀yìn wọn kọ ẹ̀yìn, ẹ fi rífẹ́ẹ̀tì so wọ́n pọ̀. Láti àárín réèlì kan dé àárín èkejì, 325. Ìbú pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, 309 lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣírò ó. Láti ẹ̀yìn réèlì dé ẹ̀yìn réèlì jẹ́ 323.6. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá jókòó dáadáa, ó wọ ẹnu kúkúrú ní mílímítà 9, ó sì wọ ẹnu jíjìn ní 13 ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ tì í sí apá ẹnu jíjìn títí yóò fi kan ẹ̀yìn, yóò rìn ní nǹkan bí 11.6. Etí kejì yóò wá kúrò lórí ètè ẹnu kúkúrú pẹ̀lú àyè mílímítà 2.6. Ó já wálẹ̀ sí ọwọ́ yín nìyẹn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan jáde.

Ìbú gbọ̀ngàn jẹ́ 6000. Ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún 325 jẹ́ 5850. Ó ku 150, ẹ pín in sí 75 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi páànù tó dà bí etí aṣọ bò ó. Ògiri wa kì í tọ́ gan-an, ibẹ̀ ni ẹ ó ti fi wíwọ́ rẹ̀ pamọ́. Gígùn 9000, ẹ pín in sí mẹ́rin: 2250. Ó wọ inú páànù 2440 láìsí pé ẹ ń so nǹkan kan mọ́ ọn.

Oníná_Ìkọ̀lé · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:08 àárọ̀

Àǹtí Adùnní, ẹ ṣeun. Mo ti dúró lórí àkàbà rí tí mo ń fi sísọ́ọ̀sì gé àjà olówó ńlá, tí onílé ń wò mí bí ọ̀tá.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí ó bá jẹ́ pé títì nìkan ló ń yọ ọ́, kí ni kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn tàbí ariwo ìlù tì í fúnra rẹ̀, kó já lé èèyàn lórí?

Bàbá_Ìjerò · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ọmọ Bàsírì, fi páálí ṣe é kí o tó gé páànù. Gé páálí ní ìwọ̀n gidi, má ṣe é ní kékeré. Ọwọ́ rẹ yóò sọ ohun tí ìwé kò sọ fún ọ.

Ọmọ_Olósùnta · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:12 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Mo ń kà bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́. Nípa ògiri iwájú yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ páànù gbọọrọ lásán. Ìlú wa ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba wa, láàárín 1910 sí 1914, èyí tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn 1924 ní Wembley. Àwọn ère inú rẹ̀ yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wọn ń bọ́ sára ara wọn. Ṣé páànù lè gba irú ọnà bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ọnà tí kò jìn?

Bàbá_Ìjerò · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Ó lè gbà á, ó sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ibi tí páànù bá ti yọ síta tàbí tó wọnú, ibẹ̀ ni kò ti ní rú mọ́. Ní Amẹ́ríkà láàárín òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún sí ìbẹ̀rẹ̀ ogún, àjà páànù alọ́nà gbòde kan, wọ́n ń tẹ páànù tín-ín-rín láàárín òǹtẹ̀ akọ àti òǹtẹ̀ abo kó lè jọ P.O.P. alọ́nà. Ọnà yẹn ló ń mú un le. Ní Sydney, ní Australia, wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe àjà gbọ̀ngàn ńlá ìlú wọn, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ohùn dùùrù ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé síbẹ̀ yóò gbọn P.O.P. já.

Fún tiyín, gbẹ́ ọnà náà sára pákó líle, akọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, abo ní ìkejì, kí o fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kó jìn ju mílímítà 3 sí 4 lọ, kí igun rẹ̀ sì rọ̀. Tẹ ọnà kí o tó tẹ etí, torí ọnà máa ń fa páànù wọnú díẹ̀, ìwọ̀n rẹ yóò sì yí padà bí o bá ti tẹ etí tán.

Ní ti bí ẹ ó ṣe fi kọ́ ògiri, má lo réèlì ti àjà. Tẹ etí rẹ̀ sẹ́yìn ní 30 yí ká bí àwo, gé ojú ihò sí etí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó dà bí ìwọ̀, kí o sì kan bóòtì mọ́ irin tó wà lára ògiri. Gbé e kọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀wù. Bí o bá fẹ́ yọ ọ́, gbé e sókè ní 15, fà á. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àyè 15 gbọ́dọ̀ wà láàárín ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, nítorí náà yà á bí ìlà dúdú, kí àyè yẹn di ẹwà. Ibi tí àga àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé yóò ti máa kàn án nísàlẹ̀, fi pákó sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín oṣù kan yóò ti kún fún ihò ẹsẹ̀.

Ọmọ_Olósùnta · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Ọmọ_Bàsírì · ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Mo ti fi páálí ṣe é, páálí fíríìjì mẹ́ta ni mo gé. Ohun mẹ́ta ni mo rí.

Àkọ́kọ́, òótọ́ ni Oníná sọ. Mo gbá réèlì páálí yẹn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ léraléra bí ìgbà tí wọ́n ń lu ìlù nínú gbọ̀ngàn, pánẹ́ẹ̀lì sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ẹnu jíjìn. Ní ìgbà ogún ó lé, ó já wálẹ̀ lé mi ní èjìká. Páálí ni, mo dúpẹ́.

Ìkejì, mo wá gé réèlì kan láti ara alumíníọ̀mù 0.7, mo fa ìlà rẹ̀ ní 25, 20, 25 gẹ́lẹ́, àpapọ̀ 70. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, ìwọ̀n rẹ̀ láti ìta kò bá ti ìwé mu: ó fi nǹkan bí mílímítà 3 pọ̀ jù ní àpapọ̀.

Ìkẹta, mo ká etí pánẹ́ẹ̀lì pa pátápátá, mo lù ú kó lè pẹlẹbẹ. Ó sán. Ìlà funfun tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó ń gùn lọ. Mo fi èékánná tọ́ ọ, ó gé mi.

Adùnní_Ayàwòrán · ọjọ́rú, 10:10 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ìkejì. Páànù kì í tẹ̀ bíi bébà, ibi tó ti yí, ó ń gba ọ̀nà àbùjá. Bí inú ìtẹ̀ yín bá rí roboto ní bíi mílímítà 1, ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára 0.7 yóò jẹ yín ní nǹkan bí 1.4. Ìtẹ̀ méjì, 2.8. Nítorí náà réèlì jíjìn, ẹ gé e ní 67.2, ẹ má gé e ní 70. Ti kúkúrú, 41.2 dípò 44. Ṣùgbọ́n ẹ má gba tèmi gbọ́ ju máṣínnì yín lọ. Ẹ gé páànù pẹlẹbẹ tó gùn tó 100 gẹ́lẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní àárín, ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì láti ìta, ẹ ro wọ́n pọ̀. Ohun tó bá fi lé 100 ni ẹ ó máa yọ kúrò fún ìtẹ̀ kan. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìnípọn páànù náà. Bí ẹ bá yí páànù padà, ẹ tún un wọ̀n.

Ti sísán: páànù ní ìhà tó dọ́gba pẹ̀lú bí wọ́n ṣe fà á jáde láti inú rólà. Etí gígùn yín ń tẹ̀ ní ìhà yẹn gan-an, ibẹ̀ ló sì ti ń sán jù. Ẹ má lù ú pa. Ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ rí roboto bí ẹ̀kán omi. Yóò ṣì mú etí le, kò sì ní gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá_Ìjerò · Ọjọ́bọ̀, 5:50 àárọ̀

Àkọ́kọ́ ni tèmi. Inú ẹnu jíjìn ní àyè mílímítà 11 sí 12 tó ṣófo lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì. Gé àjẹkù alumíníọ̀mù líle, èyí tó máa ń ta padà sí ọ bí o bá tẹ̀ ẹ́. Ìwà tí a fi ń bú u yẹn ni a ó lò. Tẹ ẹ́ bí ẹnu ẹyẹ tó là, kó gbòòrò tó 14, ki méjì sínú àyè yẹn fún pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Yóò máa ti pánẹ́ẹ̀lì sí apá ẹnu kúkúrú nígbà gbogbo. Ìlù kò lè borí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yọ pánẹ́ẹ̀lì yóò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í ní agídí, ẹnu ẹyẹ yóò fún pọ̀, yóò jáde.

Wò ó kó má baà le jù. Kí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ lè tì í.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ẹ̀fọ̀n · Ọjọ́bọ̀, 8:00 àárọ̀

Mo ti ń gbádùn rẹ̀ báyìí. Nípa ìwúwo ńkọ́? Igi òrùlé gbọ̀ngàn àtijọ́ ni.

Adùnní_Ayàwòrán · Ọjọ́bọ̀, 8:22 àárọ̀

Alumíníọ̀mù 0.7, mítà kan ní ìbú àti òòró kò tó kìlógíráàmù 2. Gbogbo àjà náà, mítà 9 lọ́nà 6, ìyẹn 54, jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 102, láìka réèlì. Ká ní irin 0.55 ni, yóò súnmọ́ 233. Ẹ wo igi náà fúnra yín, ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni yóò mọ èyí tí ikán ti jẹ.

Ẹ má sì jẹ́ kí réèlì kan símẹ́ńtì tútù. Ó máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ dáadáa.

Ọmọ_Bàsírì · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:45 alẹ́

Ẹ kú ìsinmi o. Mo ti gbé réèlì mẹ́rin àti pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta kọ́ sábẹ́ páànù òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa láti àná. Ìtẹ̀ kan jẹ mí ní 1.5, kì í ṣe 1.4, mo ti kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹnu ẹyẹ àkọ́kọ́ tí mo ṣe gbòòrò tó 16, ó le jù, èmi pàápàá ń làágùn. Mo dín in kù sí 13. Ọmọ iṣẹ́ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló yọ ti àárín, ó sì dá a padà lórí àga ìjókòó lásán, kò tilẹ̀ gun àkàbà. Nígbà tó fi ti etí kejì wọlé, ó dún kẹ́, ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

Lónìí, ní aago méjì ọ̀sán, mo ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gé irin. Mo dúró sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn mú gan-an. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi àwọn àdìẹ tó wà níta. Mo fi àpẹẹrẹ náà ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ní Ìyìn, wọ́n ní kí a máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Oníná_Ìkọ̀lé, ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni kí n so wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, mọ́? Ṣé orí réèlì kan tó, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wọn kan ara wọn?

Oníná_Ìkọ̀lé · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:10 alẹ́

Rárá o. Ọ̀dà wà lára páànù yín, ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Pánẹ́ẹ̀lì tó kàn gbé lé réèlì lè má kan án rárá lójú iná, pánẹ́ẹ̀lì tí wáyà bíbó bá kàn yóò sì máa dúró de ọwọ́ ẹni tó fẹ́ yọ ọ́. Ẹ so réèlì kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú wáyà, ẹ fi bébà oníyanrìn họ ọ̀dà kúrò lábẹ́ bóòtì. Pánẹ́ẹ̀lì ńkọ́, ẹ họ ibi tí ẹnu ẹyẹ yín ti ń tẹ̀ ẹ́, àti ibi tó ti ń kan réèlì, alumíníọ̀mù sí alumíníọ̀mù. Ẹnu ẹyẹ yẹn yóò ṣe iṣẹ́ méjì.

Ẹ má fi bàbà ìhòòhò kan alumíníọ̀mù tààrà, yóò jẹ ẹ́. Ẹ lo orí wáyà tí wọ́n fi tánganran (tin) bò. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ má tíì gbé pánẹ́ẹ̀lì kankan sókè kí n tó dé. Mo ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n mi, a ó wọn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.